Àgbo Tútù Láti Al-Utaybiyah

Ẹni tó bá fẹ́ bá Bilikis ní ìjókòó, àfi kó bá a lórí ìrun. Ọkọ rẹ̀, Abdulateef, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kẹ́mísírì ní yunifásítì tó wà ní Al-Abidiyah, a máa sọ pé bí òun bá ní ọ̀rọ̀ pàtàkì bá ìyàwó òun sọ, òun á tẹ̀ lé e láti ilé ìdáná dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé orí òrùlé níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, kí òun tó sọ ọ́ tán. Ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n ti lò ní Mẹ́kà, nínú ilé àtijọ́ kan ní Al-Utaybiyah. Àkàsọ̀ ilé náà dà bí ẹni ń gun òkè, síbẹ̀ Bilikis a gùn ún lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́, nígbà mìíràn láìní ohun tó ń wá lókè.

"Ṣé kì í rẹ̀ ọ́ ni?" ni ọkọ rẹ̀ máa ń bi í.

"Bí mo bá jókòó ló ń rẹ̀ mí."

Oorun rẹ̀ kò kún ojú. Ara rẹ̀ a máa gbóná láìsí ibà, pàápàá láti ìgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Ẹnu rẹ̀ a máa gbẹ, egbò a sì máa yọ sí etí ahọ́n rẹ̀. Ó ti dé ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan. Ìgbà kan ṣoṣo tí ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀ díẹ̀ ni àsìkò Háàjì, nígbà tí wọ́n bá gbà á síṣẹ́ ní Hajj Terminal, ní pápákọ̀ òfurufú Jéddà, láti máa tọ́ àwọn Àlàájì àti Àlàájà tó ń ti Nàìjíríà bọ̀ sọ́nà títí dé ìdí bọ́ọ̀sì Mẹ́kà. Ní àsìkò yẹn, gbogbo ayé ló ń sáré, kò sí ẹni tó máa bi í léèrè pé kí ló ń lé e.

Ilé kan péré ló wà láàárín ilé wọn àti ti obìnrin kan tó ń jẹ́ Amal, tí àdúgbò ń pè ní Ummu Nawaf. Ojú Amal jẹ́ ti ará Ṣáínà, ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ ti ará Mẹ́kà pọ́nńbélé. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti ọ̀nà jíjìn wá ṣe Háàjì, tí ogun sì dí ọ̀nà ilé mọ́ ọn lẹ́yìn, ló bá fi Mẹ́kà ṣe ilé. Bàbá náà mọ ewé àti egbò ilẹ̀ wọn dáadáa. Ó kọ́ ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì kọ́ Amal. Amal kò ní ṣọ́ọ̀bù. Kọ́bọ́ọ̀dù onígi kan ló wà ní pálọ̀ rẹ̀, tó kún fún àpótí kéékèèké tí èèyàn ń fà jáde, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní òórùn tirẹ̀.

Orí àkàsọ̀ àdúgbò ni wọ́n ti pàdé lọ́jọ́ kan, tí Bilikis ń mí hẹlẹhẹlẹ. Amal wò ó lójú, ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é, ó ní, "Ummu Munirah, yọ ahọ́n rẹ kí n wò ó." Bilikis rò pé ó ń ṣe ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ ọ́. Amal mi orí. "Ó pọ́n bí ata. Iná ń jó nínú rẹ."

"Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wa náà nìyẹn," ni Bilikis wí. "Wọ́n á ní ara èèyàn gbóná."

"Oríṣi gbígbóná kan wà tí tẹmọ́mítà kò lè rí," ni Amal fèsì. "Àwọn bàbá wa gbà pé oúnjẹ kan wà tó ń dá kún un, òmíràn wà tó ń pa á. Ewé náà rí bẹ́ẹ̀. Wọlé wá."

Ó fún un ní òdòdó gbígbẹ kan tó pupa rúsúrúsú, tó rí roboto bí bọ́tìnnì, ó fi ewé naanaa, ìyẹn míńtì, sí i. Ó tún fi òdòdó kejì kún un, tó rí tín-ín-rín bí orí ìṣó, tí wọ́n ń pè ní jínyínhua, ìyẹn ni wúrà òun fàdákà, nítorí pé funfun ló máa ń là, kó tó di pupa rúsúrúsú lórí igi. Amal da omi gbígbóná lé e lórí, ó bò ó, ó ní kí Bilikis jókòó tì í títí òdòdó náà yóò fi jáde sínú omi. Bilikis jókòó ní tipátipá. Ó mu ún. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sùn di ìpè àsùbáà.

Bilikis kì í ṣe ẹni tó mọ nǹkan ṣe níwọ̀nba. Kí oṣù méjì tó pé, ìgò àti ọ̀rá ewé ti gba ilé ìdáná rẹ̀. Nígbà tí Háàjì dé, ó ń gbé fúláàsì ńlá méjì lọ sí Hajj Terminal. Àwọn èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú, tí ooru Jéddà gbá wọn lójú bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò, ń dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ gba ife kékeré kọ̀ọ̀kan. Àgbo tútù ni wọ́n sọ ọ́. Àlàájà kan láti Ìsẹ́yìn ní òun kò tíì mu ohun tó bá òun lára mu tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí òun ti kúrò nílé. Inú Bilikis dùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi ohun kan yìn ín.

Egbò ẹnu rẹ̀ ló mú kí Amal fún un ní gbòǹgbò kan lẹ́yìn náà, huánglián, tí inú rẹ̀ pọ́n bí atalẹ̀ pupa, tó sì korò ju jogbo lọ. "Èyí kì í ṣe tíì," ni Amal kìlọ̀ fún un. "Díẹ̀ báyìí, ọjọ́ mẹ́ta, kí o sì fi í sílẹ̀. Ó ti tutù jù. Kì í ṣe ti gbogbo èèyàn." Egbò náà san. Láti ọjọ́ náà, Bilikis gba gbòǹgbò yìí gbọ́ ju ohunkóhun lọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Bilikis àti ọkọ rẹ̀ ní, Munirah, tí wọ́n gbé wá sí Mẹ́kà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, tó sì jẹ́ pé bí ìyá rẹ̀ bá fi Yorùbá pè é, Lárúbáwá ló máa ń fi dáhùn. Ó fẹ́ Mustaqeem, ọmọ Ìwó, ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ ní Jéddà. Nígbà tó lóyún, ó lọ bí i sọ́dọ̀ ẹbí ọkọ rẹ̀ nílé. Ó padà dé pẹ̀lú ọmọkùnrin oṣù mẹ́ta tó ń jẹ́ Abdulfattah, ọmọ tó ki, tó máa ń rẹ́rìn-ín sí fáànù.

Ooru Jéddà kò fi ojúure pàdé ọmọ náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ooru ti sú bo ọrùn rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, kò sùn, kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sùn. Munirah pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Bilikis kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán tó fi ń wá báàgì.

Ó yà lọ́dọ̀ Amal. Amal bu ẹ̀wà kéékèèké aláwọ̀ ewé sínú ọ̀rá fún un. "Sè é, kí o fi omi rẹ̀ tó ti tutù wẹ̀ ẹ́. Ara ni kó mọ. Má fún un mu nǹkan kan, ọmọ ọwọ́ ni. Gbòǹgbò yẹn ní tirẹ̀, má jẹ́ kó dé ìtòsí ẹnu rẹ̀."

Bilikis ti di ilẹ̀kùn mú. "Mo ti gbọ́," ló wí, ó sì ti wà lórí àkàsọ̀.

Ó wẹ ọmọ náà lọ́jọ́ kìíní. Ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fúyẹ́, ṣùgbọ́n ooru náà kò lọ. Bilikis ń rìn yí yàrá ká pẹ̀lú ọmọ lẹ́jìká. Ó ń rò ó pé àgbo ni wọ́n fi tọ́ òun, àgbo ni wọ́n fi tọ́ ìyá òun, ta ni kò mu àgbo kó tó ní eyín? Bí omi lásán bá lè mú ara fúyẹ́ láti ìta, kí ni ohun tó bá dé inú kò ní ṣe? Ní ọjọ́ kejì, tí Munirah wà nínú balùwẹ̀, ó sè jínyínhua díẹ̀ pọ̀ mọ́ èérún gbòǹgbò náà. Ó fi ṣíbí kékeré fún ọmọ náà, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ náà fa ojú ro, ó sì gbé e mì. Kò sọ fún Munirah. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí ara rẹ̀ bá yá tán ni òun á sọ. Ó tún fún un ní ọjọ́ kẹta.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Munirah ń pààrọ̀ pámpáàsì ọmọ rẹ̀, ló bá dá ọwọ́ dúró lójijì. Ìtọ̀ inú rẹ̀ dúdú bí omi tíì. Ó gbé ọmọ lọ sí ojú fèrèsé, ó fi ìka ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ummi," ló wí, Yorùbá ló sì fi sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, "ẹ wá wo ojú ọmọ yìí."

Ẹyin ojú náà ti pọ́n bí inú ìbẹ́pẹ.

Mustaqeem ló wa ọkọ̀. Ní ilé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì gba ọmọ náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n fi okùn oògùn sí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni dókítà obìnrin kan wọlé, Razan lorúkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ga, ó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ ní kíákíá.

"Ṣé ẹ ti fún un ní fúùlù jẹ, ẹ̀wà tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀ níbí yìí? Àbí ìwọ tó ń fún un lọ́mú lo jẹ ẹ́?"

"Rárá," ni Munirah dáhùn.

"Oògùn ibà? Oògùn kankan?"

"Rárá."

"Aṣọ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ kó o pa mọ́ pẹ̀lú kánfọ̀?"

Bilikis tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dìde bí ẹni tí wọ́n ta ní abẹ́rẹ́. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó tún rìn dé ibẹ̀. Ọ̀rá ewé wà nínú báàgì rẹ̀, ó sì ń ṣe é bíi pé gbogbo yàrá ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan. Ó lè lọ sí balùwẹ̀, kó da á nù, kó padà wá. Ọ̀rọ̀ yìí gba ọkàn rẹ̀ kọjá gan-an, ó sì mọ̀ pé ó gbà á kọjá. Mustaqeem ń wò ó.

"Èmi ni," ló wí. Ó ṣí báàgì, ó gbé ọ̀rá náà sórí tábìlì. "Mo fún un mu. Ọjọ́ méjì. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀."

Munirah gbé ọwọ́ lé ẹnu. Dókítà tú ọ̀rá náà wò, ó fi ìka ya gbòǹgbò kúrò lára òdòdó.

"Àwọn kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní ohun kan tó ń dáàbò bò ó," ló wí. "Bí fúùlù bá kàn án, tàbí kánfọ̀, tàbí oògùn kan, ẹ̀jẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ nínú ara. Wọ́n máa ń kìlọ̀ fún irú wọn nípa òdòdó àti gbòǹgbò yìí náà. N kò tíì lè búra pé èyí ló fà á, àyẹ̀wò ni yóò sọ. Ṣùgbọ́n ó dáa tí ẹ sọ ọ́ báyìí. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti máa ń jogún rẹ̀. Ṣé ọkùnrin kankan wà ní ẹbí ìyá tí irú èyí ti ṣe rí?"

"Kò sí," ni Munirah wí. "Èmi nìkan ni ọmọ ìyá mi."

"Ìwọ kọ́ ni àkọ́bí mi," ni Bilikis wí.

Ní ìdúró ló sọ ọ́, bí ó ṣe ń ṣe ohun gbogbo. Ó ní ọmọkùnrin kan wà ṣáájú rẹ̀, ní ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ní Ìrágbìjí, Ọlámidé ni wọ́n sọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, ara rẹ̀ pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú. Àwọn àgbà ní ibà pọ́njú ni. Wọ́n sin ín ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ mọ́, kí ọ̀nà lè là fún èyí tó ń bọ̀. Aṣọ tí wọ́n fi ń pọ̀n ọ́n ti inú àpótí ìyá ọkọ rẹ̀ jáde, ó sì ń rùn fún kánfọ̀ débi pé ojú Bilikis fúnra rẹ̀ ń ta á nígbà tó ń fún un lọ́mú.

Dókítà kọ nǹkan sínú ìwé. "Ó lè jẹ́ òun," ló wí ní ohùn jẹ́jẹ́. "Kò sí bí a ṣe lè mọ̀ báyìí."

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí Abdulfattah lára lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Àyẹ̀wò fi hàn pé irú ẹ̀jẹ̀ tí dókítà ń sọ ni tirẹ̀, Munirah sì ń gbé e láìmọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ìtọ̀ rẹ̀ ti mọ́, ó sì ti ń wá fáànù kiri lókè àjà. Bilikis kò kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà. Ó rìn ín títí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí wọ́n ń gbé ọmọ lọ sílé, Mustaqeem ló bá a sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Kò wo ojú rẹ̀.

"Màmá, n kò bínú sí yín ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, fún ìgbà díẹ̀, kó má ṣe ẹ̀yin nìkan pẹ̀lú ọmọ."

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀," ni Bilikis wí.

Ó padà sí Mẹ́kà. Ó kó gbogbo ewé àti ìgò, ó dà wọ́n nù. Abdulateef dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò ó. Bilikis sọ ohun tí dókítà sọ fún un, títí dé orí kánfọ̀. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó rí i pé kò ya ọkọ rẹ̀ lẹ́nu.

"Abdulateef," ló wí. Kì í pè é lórúkọ. "O mọ̀."

Ọkùnrin náà wọ inú ilé ìdáná wá. "Ọdún kẹta tí a dé ibí ni mo kà á nínú ìwé kan. Mo ń wá nǹkan mìíràn ni. Mo kà á, mo tún un kà."

"Ogún ọdún."

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọ? Pé àpótí ìyá mi ló pa ọmọ wa? Ìyá mi wà láyé nígbà yẹn. Mo rò pé bí mo bá gbé e mì, ó parí síbẹ̀."

"Ká ní o sọ ọ́ ni, à bá ti yẹ ẹ̀jẹ̀ Munirah wò. Ǹ bá ti mọ̀."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀," ni ọkùnrin náà wí, ó sì jókòó sórí àga tí ó wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ti ń ru ẹrù láti àná.

Bilikis gun òrùlé lọ. Lọ́jọ́ yẹn kò sá aṣọ, kò gbá ilẹ̀. Ó rìn láti igun dé igun títí ìpè alásàrì fi dún láti Haramu, mọ́sálásí ńlá Mẹ́kà, tí àwọn mọ́sálásí àdúgbò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi bá ọkọ rẹ̀ sọ ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ. Lẹ́yìn náà ni Abdulateef fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí Jéddà. Ó jókòó síwájú Munirah àti ọkọ rẹ̀, ó sì sọ ohun tó ti mọ̀ láti ogún ọdún. Kò bo ara rẹ̀. Munirah sunkún, ó béèrè bí ojú ẹ̀gbọ́n òun ṣe rí. Bàbá rẹ̀ ní etí rẹ̀ tóbi.

Ọ̀dọ̀ Amal le fún Bilikis láti lọ ju ilé ìwòsàn lọ. Nígbà tó lọ nígbẹ̀yìn, ó rò ó fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Amal gbọ́ ọ tán.

"Ahọ́n rẹ ni mo yẹ̀ wò," ló wí. "Etí rẹ ló yẹ kí n yẹ̀ wò."

"Má fún mi ní nǹkan kan mọ́."

"N kò ní fún ọ gbé lọ sílé. Bí o bá fẹ́ mu òdòdó, wá mu ún níbí yìí, ní ìjókòó. Òdòdó àti naanaa nìkan."

Bẹ́ẹ̀ ni Bilikis ṣe ń lọ lẹ́yìn ìrun alásàrì. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó dìde lẹ́ẹ̀mẹrin kí òdòdó náà tó jáde sínú omi. Amal ń ṣa ìdọ̀tí kúrò lára ewé. Ní ọjọ́ kẹfà ni Bilikis bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ Ọlámidé: bó ṣe máa ń di ìka mú, bí wọ́n ṣe fún òun ní àmàlà jẹ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, tí òun sì jẹ ẹ́ tán, èyí tí òun kò tíì dárí rẹ̀ ji ara òun. Ó sọ díẹ̀, ó dìde, ó padà jókòó, ó tún sọ díẹ̀.

Háàjì tún dé. Ó padà sí Hajj Terminal, omi tútù lásán ló wà nínú fúláàsì rẹ̀. Àwọn tó rántí rẹ̀ ń béèrè àgbo tútù, ó ń sọ fún wọn pé òun kò mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára wọn. Ó ti di oníwàásù kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá gbọ́ pé Àlàájà kan ní ọmọ-ọmọ ọwọ́ nílé, a di apá rẹ̀ mú nínú ìlà, a bi í bóyá kánfọ̀ wà nínú àpótí aṣọ ọmọ. Àwọn mìíràn rò pé orí rẹ̀ kò pé. Àwọn kan pe ilé lórí fóònù níbẹ̀.

Lẹ́yìn Háàjì, ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Mustaqeem àti Munirah wá sí Mẹ́kà. Wọ́n fẹ́ lọ ṣe ọ̀rọ̀ ìkámà, ìwé àṣẹ ìgbélùú tó ti fẹ́ gbẹ̀mí wọn, ìwé kan tún kù tí wọ́n ní láti gbà lọ́wọ́ ẹnì kan. Mustaqeem gbé Abdulfattah wọlé, ó wo ìyá ìyàwó rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ díẹ̀, ó sì gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́.

"Màmá, wákàtí mẹ́ta ni. Wàrà rẹ̀ wà nínú báàgì."

"Bàbá rẹ̀ àgbà ń bọ̀ láti mọ́sálásí, ṣé kí ẹ dúró dè é?"

"Rárá," ni Mustaqeem wí. "Ẹ̀yin ti tó."

Wọ́n lọ. Bilikis jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú ọmọ náà ní itan. Láìpẹ́, ó dìde, ó gbé e lọ sí ojú fèrèsé, ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò. Funfun ni. Ó padà jókòó. Ó tún dìde. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọ náà ti rò pé eré ni, ó sì ti ń la ojú rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kàn án.